Àwọn Tí Wọ́n Gbé Ìhìnrere Wá Fún Wa: Kí Ni Ó Ṣe Ilé Wọn?

Ọ̀rọ̀ tí a bá ìjọ sọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta nínú ọ̀sẹ̀ Júbílì

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ Júbílì ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní kí n wá sọ ọ̀rọ̀ tí yóò mú inú ìjọ dùn. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, òmíràn ni ó ń wá sí mi lọ́kàn, n kò sì rí i lé lọ. Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa Ìjọ Mímọ́ ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ́ àwọn baba wa ní ìgbàgbọ́ ti wá. Ẹlòmíràn lè wí pé, kí ni ó kàn wá nínú ọ̀ràn ilé onílé ní ọjọ́ ayọ̀ tiwa? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

OHUN TÍ MO FI OJÚ MI RÍ

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé, nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù wa yá dáyọ́sìsì kan níbẹ̀ ní àlùfáà. Agbègbè àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n fi mí sí. Ilé Ọlọ́run mẹ́tàlélógún ni ó wà nínú ìjọ kan ṣoṣo tí wọ́n fi lé wa lọ́wọ́. Òkúta ni a fi kọ́ gbogbo wọn, òmíràn sì ti ju ẹgbẹ̀rin ọdún lọ. Nígbà kan rí, ìlú kọ̀ọ̀kan ní àlùfáà tirẹ̀. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, èmi àti àlùfáà arúgbó kan péré, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ni a wà fún gbogbo wọn.

Bí mo bá fẹ́ ṣe Mísà ní ìlú kan, mo ní láti kọ́kọ́ lọ gba kọ́kọ́rọ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú, tàbí lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fi í ṣọ́. Ènìyàn mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni yóò wà nínú ilé tí ó lè gba ẹgbẹ̀ta, orí gbogbo wọn funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Agogo ń dún lókè o, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni ó ń lù ú.

Ní ọjọ́ kan, a fẹ́ sin òkú, mo sì ti tètè dé. Bí mo ti ń rìn káàkiri inú ilé Ọlọ́run náà, mo rí òkúta pẹlẹbẹ kan lára ògiri. Orúkọ àwọn ọmọ ìlú náà mẹ́ta, tí wọ́n di àlùfáà, tí wọ́n sì lọ wàásù ní ilẹ̀ òkèèrè, ni wọ́n gbẹ́ sí i. Ọ̀kan kú ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ọ̀kan kú ní Sẹ̀nẹ̀gàl. Ẹnìkẹta, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, kú ní Dahomey. Ara mi bù máṣọ. Mo fi ìka tọ orúkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìlú kékeré yìí, tí kò ní ọmọ kan ṣoṣo mọ́ nínú ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, ti fi ọmọ rẹ̀ fún wa rí.

Mo béèrè nípa ọkùnrin náà lọ́wọ́ ìyá àgbà tí ó ń ṣọ́ kọ́kọ́rọ́. Ó ní láti kékeré ni òun ti ń kọjá lábẹ́ òkúta náà, òun kò tíì ka ohun tí wọ́n kọ sí i rí. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó, ó sì sọ ti ara rẹ̀ fún mi. Ó bí ọmọ mẹ́rin, gbogbo wọn gba ìsàmì, gbogbo wọn sì gba Ara Krístì. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ mẹ́sàn-án, méjì péré ni ó gba ìsàmì nínú wọn. Mo bi í pé, “Ìyá, ta ni ó lé wọn kúrò nínú Ìjọ?” Ó mi orí. Ó ní, “Bàbá, kò sí ẹni tí ó lé wọn. A kàn dákẹ́ ni.”

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni mo gbé wá fún yín ní ọjọ́ Júbílì. A kàn dákẹ́ ni.

ILÉ ŃLÁ NI ILÉ NÁÀ

Kí a tó sọ bí ilé ṣe wó, ó yẹ kí a sọ bí ó ti ga tó. Ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún karùn-ún ni Rémi mímọ́, Bíṣọ́ọ̀bù Reims, ṣe ìsàmì fún Clovis, ọba àwọn Franki. Nítorí ìsàmì yìí ni a fi ń pe ilẹ̀ Faransé ní àkọ́bí ọmọbìnrin Ìjọ Mímọ́. Ní Reims kan náà ni wọ́n ti ń fi òróró yan àwọn ọba wọn fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìwé tí àlùfáà ń kọ ni ìjọba fi ń mọ ẹni tí a bí, ẹni tí ó gbéyàwó àti ẹni tí ó kú. Nígbà tí Napoleon bá Póòpù Pius keje ṣe àdéhùn ní ọdún 1801, ìjọba ni ó ń san owó oṣù fún Bíṣọ́ọ̀bù àti àlùfáà, ìjọba sì ni ó ń dárúkọ ẹni tí yóò jẹ Bíṣọ́ọ̀bù, kí Póòpù tó fi ọwọ́ sí i. Ìjọ àti ìjọba jọ ń jẹun nínú àwo kan.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: Ìhìnrere tí ó dé ọ̀dọ̀ wa kò ti inú àwo náà wá. Ní ìlú Lyon, ní ọdún 1822, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí a ń pè ní Pauline Jaricot, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti ran iṣẹ́ ìwàásù lọ́wọ́ ní gbogbo ayé. Ó pín àwọn ènìyàn sí mẹ́wàá mẹ́wàá. Kí olúkúlùkù máa gbàdúrà, kí ó sì máa mú owó kọ́bọ̀ kan wá ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó àwọn ọmọbìnrin tí ń hun sẹ́dà, owó àwọn ọmọ ọ̀dọ̀, owó àwọn opó, ni ó rán àwọn àlùfáà kọjá òkun. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2022 ni a ka Pauline yìí mọ́ àwọn Alábùkún, ní ìlú Lyon rẹ̀ náà.

Ní Lyon kan náà, lórí òkè Fourvière, ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 1856, ni Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac dá ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà tí yóò wàásù ní Áfríkà sílẹ̀. Ó dé Freetown ní ọdún 1859. Kò lo oṣù méjì tí ibà pọ́njú fi pa á, òun àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bá a lọ. Ẹgbẹ́ náà kò tú ká. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1861, Francesco Borghero, ọmọ Ítálì, àti Francisco Fernández, ọmọ Sípéènì, gúnlẹ̀ sí Ouidah. Ẹnìkẹta wọn, Louis Edde, ti kú lójú ọ̀nà. Ní ọdún 1864 ni wọ́n tẹ ibùdó dó sí Àjàṣẹ́. Bí a bá ka ibojì àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí etí òkun wa, a ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá ń sin Ọlọ́run nítorí owó oṣù kò lè ṣe irú rẹ̀.

OHUN TÍ KÒ PA Á

Nígbà tí a bá béèrè ohun tí ó ṣe Ìjọ ilẹ̀ Faransé, èsì tí ó máa ń yá ni lẹ́nu ni pé àwọn ọ̀tá ni ó gbógun tì í. Òtítọ́ ni pé wọ́n gbógun tì í. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1789, ìjọba gba gbogbo ilẹ̀ àti ohun ìní Ìjọ. Ní ọdún 1790, wọ́n ní kí àwọn àlùfáà máa búra fún òfin ìjọba. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1792, wọ́n pa ọ̀pọ̀ àlùfáà ní Parisi, Bíṣọ́ọ̀bù mẹ́ta sì wà lára wọn. Ìjọ ha kú bí? Rárá o. Láàárín ọgbọ̀n ọdún sí àkókò náà ni Pauline bẹ̀rẹ̀ sí gba kọ́bọ̀ rẹ̀ jọ.

Ogun kejì dé ní ọjọ́ 9 oṣù kejìlá ọdún 1905, nígbà tí wọ́n ṣe òfin tí ó ya Ìjọ nípa sí Ìjọba. Owó oṣù dáwọ́ dúró. Wọ́n gba ilé àwọn Bíṣọ́ọ̀bù àti ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà. Àwọn ilé Ọlọ́run tí ó ti wà ṣáájú di ti ìjọba, ìdí nìyí tí èmi fi ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ olórí ìlú. Póòpù Pius kẹwàá bu ẹnu àtẹ́ lu òfin náà ní oṣù kejì ọdún 1906. Ọ̀pọ̀ rò pé òpin ti dé. Ṣùgbọ́n àwọn onígbàgbọ́ tú àpò wọn, wọ́n ń bọ́ àlùfáà wọn fúnra wọn, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin sì ń wọ ọkọ̀ òkun bọ̀ wá sí Dahomey bí ti àtẹ̀yìnwá. Ìjọ padánù àga ọlá, kò padánù ẹ̀mí rẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe ìjọba ni ó pa á. Àwọn baba wa ti sọ ọ́: bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

OHUN TÍ Ó JẸ Ẹ́ LÁTI INÚ

Ìkán kì í pariwo bí ó bá ń jẹ igi. Ní ọdún 1943, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń jà lọ́wọ́, àlùfáà méjì, Henri Godin àti Yvan Daniel, tẹ ìwé kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń béèrè bóyá ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀ ti di ilẹ̀ tí a ń rán oníwàásù lọ. Wọ́n rí i pé ní àgbègbè àwọn òṣìṣẹ́ tí ó yí Parisi ká, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ Krístì mọ́. Àwọn tí wọ́n ti oko wá sí ìlú ńlá ni wọ́n. Ní abúlé, wọ́n ń lọ sí Mísà nítorí pé gbogbo ará abúlé ń lọ. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí kò sí ẹni tí ń wo ẹlòmíràn, wọ́n kò lọ mọ́. Ẹ wo èyí dáradára. Àṣà ìlú ni ó ń gbé wọn lọ sí Mísà. Nígbà tí wọ́n fi ìlú sílẹ̀, wọ́n fi àṣà náà sílẹ̀ pẹ̀lú.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tí wọ́n kù ní ilé ṣì pọ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì bo àléébù mọ́lẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1960, bí ọmọ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tí a bá bí ni ó ń gba ìsàmì, bí ẹnì kan nínú àgbàlagbà mẹ́rin ni ó sì ń lọ sí Mísà ní ọjọ́ Ìsinmi. Ní nǹkan bí ọdún 1950, bí 1,000 ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n ń fi joyè àlùfáà ní ọdọọdún. Lónìí, ìsàmì ti dínkù sí bí ọmọ mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ẹni tí ń lọ sí Mísà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò tó ẹnì kan nínú ogún. Ní ọdún 2023, gbogbo àlùfáà tuntun ní ilẹ̀ Faransé jẹ́ 88. Ìran méjì péré ni ó gbà.

Báwo ni ó ṣe yá tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀mọ̀wé Guillaume Cuchet, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 2018, wo ìṣirò tí àlùfáà Boulard ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ, ó sì fi hàn pé ní nǹkan bí ọdún 1965 ni odi náà ya, àwọn ọ̀dọ́ ni ó sì kọ́kọ́ jáde. Ó ní lára ohun tí ó fà á ni pé àwọn oníwàásù dákẹ́ lórí ikú, ìdájọ́, ọ̀run rere àti ọ̀run àpáàdì, bí ẹni pé wọn kò gbà á gbọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà wa nìyí láti ẹnu ọ̀mọ̀wé.

Mo fi ohun tí èmi gbọ́ lẹ́nu àwọn arúgbó ìjọ mi kún un. Wọ́n ní, nígbà èwe wọn, bí ọmọ bá pé bí ọdún méjìlá, wọ́n á ṣe àjọyọ̀ ńlá fún un ní ilé Ọlọ́run: aṣọ funfun, àbẹ́là, àsè fún gbogbo ẹbí. Lẹ́yìn àsè náà, ọ̀pọ̀ ọmọ kò padà wá mọ́ títí di ọjọ́ ìgbéyàwó. Gbogbo ènìyàn mọ̀, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí àsè bá ti dùn, kò sí ẹni tí ó béèrè. Àwọn ọkùnrin ti fi àdúrà sílẹ̀ fún obìnrin. Obìnrin fi ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ sílẹ̀ fún àwọn Sístà. Nígbà tí àwọn Sístà dàgbà tí wọ́n sì kú, kò sí ẹni tí iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ohun kan ṣì kù tí ó burú ju ìwọ̀nyí lọ, ì bá sì wù mí kí n fò ó. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2021, ìgbìmọ̀ kan tí Jean-Marc Sauvé ṣe olórí rẹ̀, tí àwọn Bíṣọ́ọ̀bù fúnra wọn gbé kalẹ̀, sọ èsì ìwádìí rẹ̀. Wọ́n fojú bù ú pé láti ọdún 1950, bí ọmọdé 216,000 ni àwọn àlùfáà àti àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ti bà jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ti sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí wọ́n dákẹ́ nítorí iyì Ìjọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, àwọn Bíṣọ́ọ̀bù kúnlẹ̀ ní Lourdes láti tọrọ ìdáríjì. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ìdákẹ́ ti àkọ́kọ́ mú kí àwọn ọmọ má mọ Krístì. Ìdákẹ́ kejì yìí mú kí àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n sá fún ilé rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀ràn Àgùdà nìkan ni èyí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọba ni olórí Ìjọ ìjọba títí di òní, Bíṣọ́ọ̀bù 26 sì ń jókòó nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Síbẹ̀ àwọn tí wọ́n ń wá sí ìsìn rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi kò tó mílíọ̀nù kan. Ní Sweden, Ìjọ Luther kúrò ní ìjọ ìjọba ní ọjọ́ kìíní ọdún 2000. Bí ìdajì ará ìlú ṣì ní orúkọ nínú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó ń dé ẹnu ọ̀nà. Níbi tí wọ́n ti já okùn ìjọba àti níbi tí wọn kò já a, bákan náà ni ó rí. Ìjọba kò lè gba Ọlọ́run gbọ́ fún ẹnikẹ́ni.

KÙKÙTÉ TÍ Ó TÚN Ń RÚWÉ

N kò wá láti fi ìyá wa ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí ó bá rí ìhòhò òbí rẹ̀, tí ó pe ènìyàn jọ wá wò ó, a mọ orúkọ tí Ìwé Mímọ́ fún un. Òtítọ́ ni pé ẹ̀ka ti wọ́, ṣùgbọ́n gbòǹgbò kò tíì kú. Ní alẹ́ Àjíǹde ọdún 2025, àgbàlagbà tí ó ju 10,000 lọ ni ó gba ìsàmì ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀dọ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Ní ọdún kan ṣáájú, wọn ò ju bí 7,000 lọ. Èmi náà ti kọ́ méjì nínú irú wọn ní ẹ̀kọ́. Ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, bàbá rẹ̀ kò gbàgbọ́, ìyá rẹ̀ kò gbàgbọ́. Ó ní òun ń tọ́jú arúgbó kan tí ń kú lọ, ẹni náà ń gbàdúrà pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn tí òun kò rí irú rẹ̀ rí. Òun sì bi í léèrè ohun tí ó ń sọ. Ẹ kò ha rí i? Ẹnì kan kò dákẹ́.

Àwọn ẹni tuntun yìí kò bá àṣà wọlé, kò sí owó tàbí ọlá tí ó fà wọ́n. Bí Ìjọ ilẹ̀ Faransé yóò bá tún pọ̀, irú wọn ni yóò ti inú rẹ̀ pọ̀.

ÀWA ŃKỌ́?

Ẹ̀yin ará mi, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1980, Póòpù John Paul kejì dúró ní Le Bourget, lẹ́bàá Parisi, ó sì bi àkọ́bí ọmọbìnrin Ìjọ léèrè bóyá ó jẹ́ olóòótọ́ sí ìlérí ìsàmì rẹ̀. Nígbà tí Póòpù Benedict kẹrìndínlógún wá sí Ouidah ní oṣù kọkànlá ọdún 2011, ìyìn ni ó fi fún wa: ó rí Áfríkà bí ẹ̀dọ̀fóró tí ayé fi ń mí nípa ti ẹ̀mí. Inú wa dùn, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ti Le Bourget ni mo fẹ́ kí a mú lọ sí ilé.

A kò ṣàìní ohun àmúyangàn. Thomas Moulero, ọmọ Kétu, ni ẹni àkọ́kọ́ tí a fi joyè àlùfáà nínú àwọn ọmọ Dahomey, ní ọdún 1928. Kádínà Bernardin Gantin di olórí gbogbo Kádínà ayé ní ọdún 1993. Ní oṣù kejì ọdún 1990, nígbà tí orílẹ̀-èdè wa fẹ́ dàrú, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ni gbogbo ènìyàn gbà pé kí ó darí àpérò náà. Iyì ńlá ni. Ṣùgbọ́n àwọn baba ìyá àgbà yẹn náà ní iyì bẹ́ẹ̀. Iyì kì í bí ọmọ ìgbàgbọ́.

Mo ní ìbéèrè mẹ́ta fún ìjọ yìí.

Èkínní, ta ni ń gbàdúrà ní ilé rẹ? Ní ilé bàbá mi, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, bàbá á pa àtùpà rẹlẹ̀, gbogbo wa á kúnlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ Róṣárì ní èdè wa, ẹni tí ó bá ń tòògbé á gba ìfọ́wọ́kàn. Ní ọdún tí ó kọjá, mo sùn ní ilé àbúrò mi. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ títí di ìgbà tí a lọ sùn. Mo ní kí ọmọ rẹ̀, tí ó ti gba Ara Krístì, ka Baba Wa fún mi. Ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Faransé, ó dé àárín, ó dúró. Ní èdè wa, kò mọ ọ̀nà tí a ń gbà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí n jẹ́wọ́ níwájú yín: èmi àlùfáà, n kò sọ nǹkan kan fún àbúrò mi. Mo wò ó pé àlejò ni mí, mo dákẹ́. Ọ̀nà jíjìn ni mo rìn lọ sí ilẹ̀ Faransé kí n tó mọ orúkọ àìsàn tí ó wà ní ilé tiwa.

Èkejì, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ wa lẹ́yìn àsè? A mọ iye tí wọ́n gba Ara Krístì ní ọdún yìí, nítorí pé a ra aṣọ, a sì pa ewúrẹ́. Àwọn ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn dà? Ẹ̀yin àgbà ìjọ, mo bẹ̀ yín, kí a mú ìwé ìsàmì wa, kí a ka orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí a sì lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Kí ìjọ sì bọ́ àwọn katikíìsì rẹ̀ bí ó ti yẹ. Bí Pauline bá lè fi kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ rán àlùfáà dé ilẹ̀ wa, àwa kò lè fi owó tí a ń ná sórí aṣọ ẹgbẹ́jọdá bọ́ ẹni tí ń kọ́ ọmọ wa?

Ẹ̀kẹta, bí ọmọ kan bá ní ohun búburú láti sọ nípa àgbàlagbà kan nínú ìjọ, ìbáà ṣe àlùfáà, ìbáà ṣe katikíìsì, ìbáà ṣe olùkọ́, ta ni yóò gbọ́ ọ? Ṣé a ó ní kí ó dákẹ́ kí ìjọ má bàa ní ẹ̀gàn? Ohun tí ó gba iyì lọ́wọ́ Ìjọ ilẹ̀ Faransé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ sọ, bí kò ṣe èyí tí àwọn àgbà bò mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ará, kí àlùfáà kan tó fìdí kalẹ̀ sí Èkó ní ọdún 1868, ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio. Kì í ṣe àlùfáà rárá. Ẹrú ni wọ́n ti kó o rí, ó sì gba òmìnira. Ó kọ́ ilé àdúrà kékeré, ó ń kó àwọn Àgùdà jọ, ó ń kọ́ àwọn ọmọ, ó ń ṣe ìsàmì fún wọn. Kò ní Bíṣọ́ọ̀bù nítòsí, kò ní owó oṣù, kò sí ìjọba tí ó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àwọn àlùfáà dé, wọ́n bá ìjọ níbẹ̀. Ìgbàgbọ́ lè wà láìsí àlùfáà fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè wà láìsí ẹni tí yóò la ẹnu.

Bí a bá ti túká níbí, kí olúkúlùkù lọ sí ilé rẹ̀, kí ó pa ariwo ilé, kí ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, kí ó sì bá wọn ka Baba Wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní èdè tí ìyá wa fi kọ́ wa. Èmi náà yóò kọjá sí ilé àbúrò mi ní alẹ́ òní. Mo jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Kí Ọlọ́run fi ìsinmi fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri yẹn, àti fún gbogbo àwọn tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí ilẹ̀ wa nítorí wa. Kí Màríà Wúńdíá, Ìyá Àwọn Àpóstélì, bẹ̀bẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn ní ilẹ̀ Faransé. Kí àwọn tí yóò ṣe Júbílì tí ó ń bọ̀ nínú ilé yìí má ṣe ní láti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ olórí ìlú. Nípasẹ̀ Krístì Olúwa wa. Àmín.